Ọgbà Inú Ìgò: Bí A Ṣe Lè Mú Un Tutù Kí Ó Sì Máa Rin



 Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ti oṣù yìí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí arábìnrin wa kan níhìn-ín ní Òkè-Aró ni ó fà á. Mo ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ ọ́, mo sì ti ṣèlérí pé n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Arábìnrin yìí ń dúró de ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Dípò kí ó jókòó lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àwọn ewé wẹ́wẹ́ sínú ìgò dígí ńlá, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń kó súwíìtì sí. Ó ń dé e, ó sì ń tà á fún àwọn tí ó bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ orí tábìlì. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹta ọdún, ènìyàn 12 ti san ìdajì owó sílẹ̀. Ó to ìgò 12, ó gbin ewé sí wọn, ó sì tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn ló yè. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí ó kó wọn fún àwọn olówó wọn, ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde sí orí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tí ń kọjá lè rí i. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ó gbé wọn síta. Kí ó tó kírun Àílà, kí ó jẹun, kí ó sì padà síbẹ̀, àwọn ewé náà ti rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ó rò pé òùngbẹ ni, ó bu omi sí i. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ìgò ti ń rùn.

Ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé omi tí mo bù ni kò tó ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Omi rẹ̀ tó, ó tilẹ̀ tó ju bí ó ti yẹ lọ. Ooru ni ó pa àwọn ewé náà, nínú omi ni wọ́n sì wà tí ooru fi pa wọ́n. Ẹ̀bi tèmi náà sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo yá a ní ìwé tí ó fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n sì sọ nínú rẹ̀ pé kí ènìyàn gbé ìgò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí lẹ́bàá fèrèsé. N kò rántí sọ fún un pé oòrùn wọn kì í ṣe oòrùn wa.

IBI TÍ ỌGBÀ INÚ ÌGÒ TI ṢẸ̀ WÁ

Kí á lè mọ ìdí tí ìwé náà fi ṣì wá lọ́nà, ó yẹ kí á mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà kan wà ní ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nathaniel Bagshaw Ward. Ó fẹ́ràn ọ̀mu púpọ̀, ìyẹn ewé tí ó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ, irú èyí tí a máa ń rí tí ó hù sára ọ̀pẹ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n èéfín èédú ìlú Lọ́ńdọ̀nù ayé ìgbà náà kì í jẹ́ kí ọ̀mu yè ní ọgbà rẹ̀. Ní ọdún 1829, ó fi kòkòrò kan tí yóò di labalábá òru sínú ìgò, ó fi iyẹ̀pẹ̀ tútù tẹ́ ẹ, ó sì dé ìgò náà kí ó lè máa wo bí kòkòrò náà yóò ṣe yí padà. Ìgbà tí yóò wò ó dáadáa, ọ̀mu kékeré kan àti koríko ti hù láti inú iyẹ̀pẹ̀ náà, ẹnì kankan kò sì bomi rin wọ́n.

Ohun tí Ward rí ni pé omi tí ó wà nínú ìgò kò lọ síbì kankan. Lọ́sàn-án, omi yóò gbéra kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ àti lára ewé, yóò sì wọ inú afẹ́fẹ́. Lálẹ́, bí dígí bá ti tutù, yóò di ìrì lára rẹ̀, yóò sì ṣàn padà sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó kan àpótí onídígí ńlá lórí ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1833 ó fi àpótí méjì tí ó kún fún ọ̀mu ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun sí Sydney ní Ọsirélíà, wọ́n sì dé ibẹ̀ láàyè. Nígbà tí ọkọ̀ ń padà bọ̀, wọ́n kó ewé ti ibẹ̀ wá, ìyẹn náà yè. Ní ọdún 1842 ó kọ ìwé lé e lórí. Àpótí yìí ni Robert Fortune fi kó igi tíì láti ilẹ̀ Ṣáínà lọ sí Íńdíà láàárín ọdún 1848 sí 1851. Òun náà ni wọ́n lò láti fi kó igi rọ́bà láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ ajé ńlá ti ayé yí padà nítorí àpótí tí kò ju dígí àti pákó lọ. (Ta ni ó jèrè rẹ̀, ta ni kò jèrè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kódà ní ayé òde òní, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó ń jẹ́ David Latimer, tí ó gbin ewé sínú ìgò ńlá kan ní ọdún 1960, tí ó ṣí i bu omi sí i ní ọdún 1972, tí ó sì dé e pa láti ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, ewé náà kún ìgò bámúbámú.

Nítorí náà, ti ọ̀rinrin kò ṣòro. Dé ìgò náà, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gbé. Ilẹ̀ òtútù ni. Ohun tí wọ́n ń wá lẹ́bàá fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀nba ooru tí ojú ọjọ́ wọn kò fún wọn. Ní tiwa, ooru ni a ní lọ́pọ̀ yanturu.

KÍ NI Ó BỌ ÀWỌN EWÉ NÁÀ?

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá ẹni tí ó ní mọ́tò lọ kí Jímọ̀ rí, ẹ mọ bí inú mọ́tò ṣe máa ń rí nígbà tí ẹ bá jáde. Wọ́n pa gbogbo fèrèsé dé, oòrùn sì ń ràn lé e. Ìjókòó a máa jóni ní ìdí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó dúró lábẹ́ igi ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀ sí mọ́tò náà ń gba atẹ́gùn sára.

Bí ó ti rí nínú ìgò náà nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú dígí kọjá wọlé. Nígbà tí ó bá kan iyẹ̀pẹ̀ àti ewé, ó ń di ooru. Ooru yìí kì í rí inú dígí gbà jáde bí ìmọ́lẹ̀ ti rí i gbà wọlé. Ìdérí kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde kí tútù wá rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ní agbègbè wa, ooru ọ̀sán lábẹ́ ìbòòji a máa tó dígírì 33 tàbí 34. Bí ibi tí kò sí oòrùn bá gbóná tó báyìí, ìgò tí a dé tí ó wà nínú oòrùn yóò yára kọjá 50. Ọ̀pọ̀ ewé abẹ́ igbó kò fẹ́ kọjá 30 rárá. Bí ó bá ti kọjá 40, wọ́n ń bàjẹ́ nìyẹn. Ní 50, a ti ń sè wọ́n, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é.

Arábìnrin wa wá bi mí ní ìbéèrè kejì, èyí tí ó gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ṣebí omi máa ń mú nǹkan tutù? Ìgò yìí kún fún omi, kí ló dé tí kò tutù?"

Ẹ JẸ́ KÍ Á KẸ́KỌ̀Ọ́ LÁRA ÀMÙ

Púpọ̀ nínú yín mọ àmù tí ó máa ń wà ní igun ilé àwọn ìyá wa àgbà. Ẹ mọ̀ pé omi inú rẹ̀ tutù láìsí fíríìjì. Ohun tí ó ń mú un tutù ni pé amọ̀ tí a fi mọ ọ́n ní àwọn ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú wọn jáde sí ara àmù lóde, atẹ́gùn sì ń gbẹ ẹ́. Bí omi bá máa gbẹ, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbé lọ, ara àmù àti omi inú rẹ̀ ni ó sì ti ń gbé ooru náà. Ooru tí omi líta 1 ń gbé lọ bí ó bá gbẹ sínú afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé ó lè sọ omi tútù líta 7 di híhó. Ìdí kan náà ni òógùn fi ń tu ara wa.

Ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ gbẹ lọ! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá kún yàrá kan bámú ní àsìkò òjò, tí a ti fèrèsé, gbogbo wa yóò làágùn, òógùn náà yóò sì máa ṣàn lára láìtu ẹnikẹ́ni lára, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mu omi yó, kò gba òmíràn mọ́. Afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n omi tí ó lè gbà. Afẹ́fẹ́ tí ó kún àpótí oní-mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga lè gba omi bíi gíráàmù 30 bí ó bá gbóná dé dígírì 30. Bí ó bá jẹ́ dígírì 20 péré ni, kò lè gbà ju bíi 17 lọ, èyí tí ó kù yóò di ìrì.

Inú ìgò tí a dé ti yó fún omi. Ewé tí ó wà níbẹ̀ kò lè làágùn kí ó gbẹ. Nítorí náà, ohun tí ó ń mú ìgò rin, ìyẹn ìdérí, òun gan-an ni ó gba ọ̀nà tí ewé fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí o bá tún bu omi sí i, o kò fi òtútù kún un rárá. Gbòǹgbò ni o ń rì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìgò rin kí ó sì tutù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan méjì ni ó ń wá. Ọ̀rinrin wà nínú ìgò, ṣùgbọ́n òde ìgò ni a ti ń wá ìtutù.

Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè wa, arákùnrin wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Jigawa, olóògbé Mohammed Bah Abba, ọmọ ìdílé amọ̀kòkò, mú ìmọ̀ àmù yìí lò lọ́nà tí gbogbo ayé fi gbọ́. Ní ọdún 1995 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá. Ó fi iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Ìgbà tí tòmátì àti ata máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n wá ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìkòkò yìí. Ní ọdún 2000 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun foríjìn ín. Owó ara rẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀ tí ó ń pín ìkòkò náà fún àwọn ará abúlé.

A lè lo ìkòkò Bah Abba fún ìgò wa, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí a sọ nípa afẹ́fẹ́ tí ó ti yó. Jigawa gbẹ, Òkè-Aró kò gbẹ. Ẹ̀bá ìpínlẹ̀ Èkó ni a wà, òkun kò sì jìnnà sí wa. Ní àsìkò ọyẹ́, ìkòkò náà yóò ṣiṣẹ́ níhìn-ín dáadáa. Ní oṣù keje, tí gbogbo nǹkan rin, agbára rẹ̀ yóò dínkù púpọ̀. Ọlọ́hun kúkú ti ṣe é pé ìgbà náà ni ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ tutù. Oṣù kejì àti ìkẹta ni ìdánwò wà, ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò tíì dé.

IBI TÍ A Ó GBÉ ÌGÒ SÍ

Òjìji ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìmọ́lẹ̀ ni ewé fẹ́, kì í ṣe ìtànṣán oòrùn. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò ni pé kí n na ọwọ́ mi sókè ibi tí ìgò yóò wà. Bí òjìji ọwọ́ mi bá hàn ketekete pẹ̀lú ìka márààrún, ibẹ̀ kò dára. Bí ó bá hàn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tí n kò lè ka ìka, ibẹ̀ tó.

Ní àsìkò ooru, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, oòrùn máa ń tẹ̀ sí ìhà gúúsù lójú ọ̀run wa. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó kọjú sí àríwá ni ó ń ní òjìji jù. Bí o bá dúró tí o kọjú sí Kíbúlà níhìn-ín, apá òsì rẹ, díẹ̀ sí iwájú, ni àríwá wà. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ìhà yẹn ni kí o lò. Láti àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán a kọjá sí ìhà àríwá díẹ̀, kí o tún un wò nígbà náà.

Ẹ̀wẹ̀, gbé ìgò sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ó jẹ́ pé páànù lásán ni a fi bo orí wọn, àwọn mìíràn kò ní sílíìnì. Páànù tí oòrùn ti ń ràn lé láti àárọ̀ ń da ooru rẹ̀ sórí ohun gbogbo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ìgò sí orí kọ́bọ́ọ̀dù gbé e sínú ààrò. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ yàrá kan náà tutù débi pé àwọn ọmọ kékeré ń sùn lé e lọ́sàn-án. Àkàbà kékeré tàbí bíríkì méjì lórí ilẹ̀ tó.

Àwọn kan yóò ní àwọn yóò tan fáànù sí i. Fáànù kò lè mú ìgò tí a dé tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí yàrá bá jẹ́ 34, ìgò yóò jẹ́ 34. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àpò kòkó tí a rẹ sínú omi wé ìgò láti ìdí dé ìlàjì, tí o sì gbé e sínú àwo amọ̀ tí omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, atẹ́gùn fèrèsé lásán yóò máa gbẹ àpò náà, yóò sì máa gbé ooru lọ. Ìgbà yẹn ni fáànù tó ṣiṣẹ́, bí iná bá wà. Má fi ọ̀rá wé e dípò àpò, nítorí ọ̀rá kò mu omi. Yìnyín pẹ̀lú kò dára. Dígí tí ó ti gbóná lè sán bí yìnyín bá kàn án lójijì, ìtutù rẹ̀ kì í sì pẹ́.

Tí yàrá bá ṣókùnkùn jù, gílóòbù LED kan tó, nítorí kì í gbóná púpọ̀. Gílóòbù onírin àtijọ́ tí ó máa ń jóni lọ́wọ́ kò dára fún iṣẹ́ yìí, oòrùn kékeré ni.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

N kò ní pẹ́ lórí èyí nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń kọ́ ọ. Wá ìgò funfun tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò tí ọwọ́ lè wọ̀. Fọ̀ ọ́. Da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì kí omi tí ó bá pọ̀jù lè rí ibi sá sí. Fọ́ èédú sí orí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn tí a ti fọ̀ àti èérún ara àgbọn, kí o da omi gbígbóná lé e lórí kí ẹyin kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, kí o sì jẹ́ kí ó tutù kí o tó kó o sínú ìgò. Ọ̀nà láti mọ̀ pé omi tó ni kí o bu iyẹ̀pẹ̀ náà sọ́wọ́, kí o fún un. Kí ó di mọ́ra, ṣùgbọ́n kí omi má kán jáde. Omi òjò dára ju omi kànga lọ, nítorí kì í fi àbàwọ́n sára dígí.

Ṣíbí tíì ni a fi ń bu omi sí i. Mo ti rí ẹni tí ó fi búútà àlùwàlá bomi sínú ìgò. Kí ó tó gbé búútà náà sílẹ̀, ìgò ti di odò.

Ní ti ewé, ohun tí ó bá ń hù fúnra rẹ̀ ní ibi tútù tí òjìji wà ni kí a wá. Rinrin dára púpọ̀, ẹ máa rí i ní ìdí ògiri tí omi ń kán sí, orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ ibi tí ó fẹ́ràn. Ọ̀mu kékeré láti ìdí ọ̀pẹ náà dára, àti àwọn ewé tín-ínrín tí ń bo ara bíríkì àtijọ́ bí kápẹ́ẹ̀tì. Má gbin òdúndún tàbí àbámodá. Mo mọ̀ pé òdúndún ni a fi ń ṣàpèjúwe ohun tí ó tutù, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ti kó omi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí a bá dé e mọ́ inú ọ̀rinrin, yóò rà ni. Bákan náà ni ọrọ́.

BÍ A ṢE Ń KA ÌGÒ

Ìgò máa ń sọ ohun tí ń ṣe é fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Wò ó lẹ́yìn Àsùbáà, kí o tún wò ó ní àsìkò Àílà. Bí ìrì bá wà lára dígí ní òwúrọ̀, tí ó sì ti lọ kí ó tó di ọ̀sán, ó dára, má fọwọ́ kàn án. Bí ìrì bá bo gbogbo dígí láti àárọ̀ di alẹ́ tí o kò rí inú rẹ̀, omi ti pọ̀jù. Ṣí i sílẹ̀ lẹ́yìn Ìṣáì fún wákàtí méjì, kí o dé e padà, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mọ́. Bí kò bá sí ìrì rárá ní òwúrọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣíbí omi méjì.

Alẹ́ tàbí ìdájí ni kí a máa ṣí ìgò. Bí a bá ṣí i lọ́sàn-án ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò gba gbogbo ọ̀rinrin inú rẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìgò tí oòrùn ti bá lójijì. Ìyẹn kò gbọdọ̀ dúró de alẹ́. Kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú oòrùn, kí o sì ṣí ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde. Má bu omi tútù sí i, má sì da omi sí ara dígí. Fi í sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì títí ara rẹ̀ yóò fi rí bí ara ògiri. Ewé tí ó bá ti di bí ìgbà tí a rẹ ẹ́ sínú omi, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní jí mọ́. Gé e kúrò kí ó tó rà. Gbòǹgbò lè wà láàyè síbẹ̀, pàápàá ti ọ̀mu.

ÀPÓTÍ FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ FI ṢÒWÒ

Ẹni tí ó bá ti mọ ìgò yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ àwọn tí ń ta ọ̀gbìn ní ẹ̀bá títì. Ẹ̀ka igi tí a gé láti gbìn kò ní gbòǹgbò. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, yóò kú kí gbòǹgbò tó yọ. Roger Leakey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ní ọdún 1990 nípa àpótí kan fún àwọn igi ilẹ̀ olóoru, èyí tí kò fẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná tàbí omi ẹ̀rọ. Férémù pákó ni, a fi ọ̀rá tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó, a tẹ́ ọ̀rá sí ìdí rẹ̀ kí omi má jò. Òkúta àti omi ni ó wà nísàlẹ̀, iyanrìn wà lórí, omi náà kò sì gbọdọ̀ bo iyanrìn. Ẹ̀ka tí a gé ni a ó gún sínú iyanrìn yìí. Abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni a ń gbé e sí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn onímọ̀ pàápàá kò gbé e sínú oòrùn.

Àwọn ará IITA ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní irú rẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bó mọ́ ni a ń rì sínú èérún pákó tútù lábẹ́ ọ̀rá, yóò sì yọ ọmọ púpọ̀ ju èyí tí yóò yọ nínú oko lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ ooru díẹ̀ ju rinrin lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ oòrùn gan-an-gan.

Ní ti arábìnrin wa, ìgò márùn-ún nínú 12 ni ọ̀mu ti tún yọ láti ìdí. Ó kó wọn fún ènìyàn márùn-ún tí ó gbà láti dúró. Ó dá owó padà fún mẹ́rin, èmi sì bá a san ti mẹ́ta tí ó kù nítorí ìwé tí mo yá a. Nísinsìnyí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé, lórí bíríkì, ni ó ń to ìgò sí pẹ̀lú àpò kòkó ní ìdí wọn. Ìgò kan ṣoṣo ni ó ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà rí, ó sì ń gbé e wọlé kí ó tó di aago mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ó mú ìgò kan àti àpò iyẹ̀pẹ̀ kékeré wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. A ó lọ wá rinrin ní ìdí ògiri kànga lẹ́yìn Alásàrí.